Bí télọ̀ kan ṣe fa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sídìí Kùráánì: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Òṣogbo

Ẹ̀yin àfáà, ẹ̀yin ìyá Àsàlátù, ẹ̀yin tí ẹ ń darí kíláàsì kéwú àwọn àgbà, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Ó ṣẹlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéwú. N kò ní dárúkọ mọ́ṣáláṣí náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí, Ìyá Ìbejì la ó máa pè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà tí NASFAT, ẹgbẹ́ àdúà àwọn Mùsùlùmí, ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1995, Àsàlátù, ìyẹn ìpàdé àdúà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ti tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, mọ́ṣáláṣí tiwa náà sì ní tirẹ̀. Èrò máa ń pọ̀ níbi àdúà. Àmọ́ tí àdúà bá ti parí, tí a ní kí àwọn ìyá dúró fún kéwú, kíá ni wọ́n á ti máa wá bàtà wọn. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí gbìyànjú gan-an. Wọ́n kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n tẹ ìwé pélébé, wọ́n ṣèlérí pé ẹni tó bá ń wá déédéé yóò gba híjáàbù. Àwọn ìyá gba híjáàbù, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹni tó bá sọ pé àìfẹ́ràn ẹ̀sìn ló fà á kò mọ ará Òṣogbo. Ìtìjú ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ló lọ ilé kéwú ní kékeré. Wọ́n gbé wàláà, wọ́n jẹ ẹgba àfáà, kí ọjà kíkiri àti iṣẹ́ ọwọ́ tó fà wọ́n kúrò níbẹ̀. Fàtíà wà lórí wọn, àwọn súrà kéékèèké wà lórí wọn, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń kírun ìgbà márààrún lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé síwájú wọn, wọn ò mọ Báù yàtọ̀ sí Táù. Àwọn ọmọ wọn sì ń kà á geere. Kí ìyá tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí wá jókòó sórí ẹní, kó máa pe Álífù lójú àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn le púpọ̀. Kò sí ìwé pélébé tó lè gba irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kúrò lára ènìyàn.

Ìyá Ìbejì, télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, ó sì ní àwọn ọmọ iṣẹ́. Ohun tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa kò ju pé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì gbọ́ ọ níbi tó ti ń kírun Ìṣáì. Bó ṣe sálámà tán ni ọmọ náà sọ fún un pé, "Mọ́mì, áyínù lẹ pè bí álífù yẹn o." Ìyá mìíràn ì bá lé ọmọ kúrò níwájú òun. Òun bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un pè kí òun gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló dé kíláàsì.

Kì í ṣe òun ni ọpọlọ rẹ̀ yá jù nínú wọn. Ẹ má fojú fo èyí dá o. Áyínù fìyà jẹ ẹ́ gidi. Inú ọ̀fun lọ́hùn-ún ni lẹ́tà yẹn ti ń jáde, ẹnu wa kò sì mọ̀ ọ́n. Á gbé àgbọ̀n sókè, á fọwọ́ kan ọrùn, á tì í títí, álífù náà ni yóò tún bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bọ́ sí i lẹ́nu, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹní, ó pariwo pé "Ó ti jáde!" débi pé àwọn tó ń ṣe àlùwàlá níta yọjú wò wá. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Ànábì Muhammad fún un, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, èyí tó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, àwọn àfáà méjì tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ: ẹni tó mọ Kùráánì kà dunjú, àárín àwọn màláíkà ọlọ́lá ló wà, ẹni tó ń kà á tó ń kólòlò, tó sì nira fún un, ẹ̀san méjì ni tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó di ohun tó fi ń dá àwọn tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn: "Ẹ̀san méjì lèmi ń gbà ní tèmi."

Wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́. Inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, níbi tó ń kó bọ́bìnì àti abẹ́rẹ́ sí, ló ń fi ìwé kéwú rẹ̀ sí. Tí oníbàárà bá ti lọ, á yọ ọ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ, á yọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń wá jókòó tì í lọ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àfáà Obìnrin. Méjì ló sún mọ́ ọn jù nínú wọn: onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, àti èyí tó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì. Mùsùlùmí làwọn méjèèjì, irú èyí tí a ń rí lọ́jọ́ ọdún. Kò sọ fún wọn pé kí wọ́n wá sí kéwú. Mo bi í léèrè lẹ́yìn náà bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ó ní rárá, inú òun ló kàn ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, olówùú mú òwú dúdú tó ní kó bá òun wá dé. Aṣọ dúdú kan wà lórí tábìlì, wọ́n fẹ́ gé e. Olówùú dúró, ó ní, "Ìyá Ìbejì, kí lo ń kà lójoojúmọ́ yìí gan-an?" Ká ní èmi ni, ó ṣeé ṣe kí n bẹ̀rẹ̀ wáàsí. Ìyá Ìbejì mú ṣọ́ọ̀kì funfun tó fi ń sàmì sáṣọ, ó fa ìlà kan tó tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi sórí aṣọ dúdú náà, ó fa èkejì, ó fa ẹ̀kẹta. Ó ní, "Wò ó. Tóótó kan nísàlẹ̀, Báù nìyẹn. Méjì lókè, Táù. Mẹ́ta lókè, Sáù." Ó na ṣọ́ọ̀kì sí i. Olówùú kọ tirẹ̀, ó gbé tóótó Báù sókè, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nù ún, ó tún un kọ. Onídìrí rí wọn láti òdìkejì, ó sọdá wá pẹ̀lú ìyarí lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé bó ṣe rí náà nìyí?" Ìyá Ìbejì ní, "Ó jù báyìí lọ, àmọ́ ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kù ń bẹ lọ́dọ̀ àfáà." Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó sórí ẹní kan. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin mìíràn láti ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù náà fi dara pọ̀ mọ́ wọn.

Mo ti rò ó dáadáa, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Ojú ìwé mélòó kan péré ni Ìyá Ìbejì fi ṣíwájú wọn. Àṣìṣe rẹ̀ kò pa mọ́, nítorí náà ojú kò ti ẹnikẹ́ni láti ṣe àṣìṣe níwájú rẹ̀. Ohun tó fún wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè ṣe é tán lórí ìdúró, kí wọ́n sì rí i pé àwọn lè ṣe é. Ó tún jẹ́ pé àwọn ni wọ́n béèrè. Àwa tó ń kéde lórí gbohùngbohùn ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi wá.

Kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Nígbà tí Abu Bakr, ọ̀rẹ́ Ànábì, gba Ìsìláàmù ní Mẹ́kà, ìtàn tí òpìtàn Ibn Ishaq kọ sọ fún wa pé oníṣòwò ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ẹni tí àwọn ènìyàn máa ń wá jókòó tì nítorí ìmọ̀ rẹ̀ àti nítorí pé ó dára láti bá jókòó. Àwọn tó fọkàn tán nínú àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó yẹn ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni Uthman ọmọ Affan fi gbà, àti Zubayr ọmọ Awwam, àti Abdur-Rahman ọmọ Awf, àti Sa'd ọmọ Abi Waqqas, àti Talha ọmọ Ubaydullah. Àwọn márààrún wà lára àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún níròyìn ayọ̀ Àlùjánnà. Orí ìjókòó ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀, kí ìpè gbangba tó wáyé ní Mẹ́kà.

Ọ̀kan wà tí kò wá sí kéwú rárá, mo sì kà á mọ́ èso ìtara yìí. Àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ Ìyá Ìbejì, onígbàgbọ́ ni. Ó ń rí ọ̀gá rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìwé yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ó pẹ́ tí mo ti ṣí Bíbélì mi gbẹ̀yìn. Wọ́n ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́rú. Tí ẹ bá lè yọ̀ǹda mi kí ilẹ̀ tó ṣú." Ìyá Ìbejì yọ̀ǹda rẹ̀, gbogbo ọjọ́rú sì ni. Nígbà tí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ gbọ́, ó bá a wí pé kí ló dé tí kò fa ọmọ náà wá sọ́dọ̀ wa. Ó dáhùn pé, "Ẹ dákun, àyè ló tọrọ lọ́wọ́ mi láti lọ kọ́ tirẹ̀. Tó bá bi mí ní tèmi, n ó sọ fún un." Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì dúró sí. Súrà kejì, áyà 256, ti sọ pé kò sí ìjẹnípá nínú ẹ̀sìn. Ní Òṣogbo tí a ń gbé yìí, inú agbo ilé kan ṣoṣo lo ti lè rí Alhaji, díákónì, àti ẹni tó ń múra ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Ẹ̀kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtara ọ̀gá dọdẹ ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀, gbogbo agbo ilé ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹ̀tọ́.

Ìgbà tí nǹkan ń lọ dáadáa ni ọ̀rọ̀ yí padà. Inú ìgbìmọ̀ dùn sí èrò tó ń wọlé, wọ́n sì rí ẹni tó ń fà wọ́n. Wọ́n fi Ìyá Ìbejì jẹ Amíírà, ìyẹn olórí àwọn obìnrin kíláàsì. Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un pé kó máa ṣe wáàsí kékeré lẹ́yìn Àsàlátù. Wọ́n ní kó máa wo ìmúra àwọn tó mú wá, kó sì máa jíṣẹ́. Ire ni wọ́n rò. Òun náà gbà á tọkàntọkàn, torí ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán á fẹ́ ṣe é dójú àmì.

Láàárín oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti yàtọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá onídìrí sọ̀rọ̀ irun àtọwọ́dá tó ń so fún àwọn oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jẹ nìyẹn. Ó bá olówùú sọ̀rọ̀ orin tó ń ti inú rédíò rẹ̀ jáde. Tí wọ́n bá ṣàṣìṣe níbi kíkà, kì í rẹ́rìn-ín mọ́, ṣe ló ń tún un ṣe. Tirẹ̀ gan-an kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mọ́. Amíírà kò gbọdọ̀ kólòlò. Mo rí i ní kíláàsì pé ó ti ń mi orí sí ohun tí kò yé e. Olówùú ló kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá. Onídìrí tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ṣe sí i ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Wọ́n rán àwọn ìyá mẹ́ta nínú ẹgbẹ́, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní ọ̀sán gangan láti bẹ̀ ẹ́. Ẹ fojú inú wò ó: oníbàárà wà lórí àga, orí rẹ̀ dì dé ìdajì, àwọn ìyá mẹ́ta wọlé wá bá onídìrí sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀run. Onídìrí dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún rìn débẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló bá wọn sọ̀rọ̀ pé ọ̀gá òun kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ó wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Onídìrí fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyàwó mi lọ́jà pé, "Ìyá Ìbejì ni mo bá débẹ̀. Amíírà ni mo wá rí. Èmi ò mọ Amíírà."

Ẹni tó tú u ni Ìyá Àdínnì wa, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípàdé. Ó pe Ìyá Ìbejì sílé rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, dá gbohùngbohùn padà fún wọn. Lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ kó bá ẹ dirí. Má dárúkọ kéwú." Ó dun Ìyá Ìbejì. Ó sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé òun fẹ́ padà di ọmọ kéwú lásán, a sì gbà á.

Ó lọ dirí. Onídìrí fa kọ́tìnì bo ẹnu ọ̀nà, ó fi í sí ààrin ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín irun. Wọ́n sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ aṣọ tó yẹ kó ti rán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ tí mo fún un lọ́sẹ̀ náà wúyẹ́wúyẹ́, Súrà Wadduhaa. Ó ka áyà méjì àkọ́kọ́, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó dúró síbi kan náà. Nígbà ẹ̀kẹta, onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun ló bá a ka èyí tó kù: "Mā waddaʿaka rabbuka wa mā qalā." Olúwa rẹ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì bínú sí ọ. Ó ti kọ́ ọ ní ilé kéwú ní kékeré, kò sì mọ̀ pé ó ṣì wà lórí òun. Ìyá Ìbejì yí orí padà débi pé ìyarí bọ́, ó ní, "Níbo lo ti mọ̀ ọ́n? Jọ̀ọ́, kọ́ mi!" Wọ́n jọ kà á títí tí irun fi tán. Àwọn méjèèjì ló sọ ìtàn yìí fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìtàn wọn sì bára mu.

Onídìrí padà wá. Irun àtọwọ́dá náà ń kọ́? Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yóò ti máa bi mí pé ṣé ká wá dákẹ́ sí ohun tí kò tọ́ nítorí kí èrò lè pọ̀. Ìdáhùn mi wà lẹ́nu Aisha ìyá wa, ìyàwó Ànábì, nínú ìwé Bukhari. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú Kùráánì ni súrà tó sọ̀rọ̀ Àlùjánnà àti iná. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ti wọ inú Ìsìláàmù ni ọ̀rọ̀ ohun ẹ̀tọ́ àti ohun èèwọ̀ tó dé. Ó ní ká ní "ẹ má mu ọtí" ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni, wọn ì bá ní àwọn kò ní fi ọtí sílẹ̀ láé. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni, kì í ṣe ìdákẹ́. Ìkìlọ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́, ní kíláàsì, nígbà tó bá tó àkókò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá ojú sọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí i. Nígbà tí Ànábì rán Mu'adh àti Abu Musa lọ sí Yemen, ohun tó sọ fún wọn ni pé kí wọ́n mú un rọrùn, kí wọ́n má mú un nira, kí wọ́n fún ènìyàn níròyìn ayọ̀, kí wọ́n má lé wọn sá. Ojúlówó aṣojú ló ń sọ fún. Mélòó-mélòó wá ni télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ áyínù?

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí ẹ̀kọ́ báyìí lọ́dọ̀ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má yára fún un ní oyè. Ẹ kọ́ ọ dáadáa, kó máa ní ohun tuntun tí inú rẹ̀ yóò dùn sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti ọ̀rẹ́ tó bá mú wá, kí ẹ má pín wọn sí kíláàsì ọ̀tọ̀ nítorí pé ọ̀kan ti ka ojú ìwé mẹ́ta ju ìkejì lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín nínú kíláàsì. Tí ọ̀rẹ́ náà bá sì dẹ́kun wíwá, ẹni tó mú un wá ni kó lọ bá a, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́, láìsí aṣọ ẹgbẹ́.

Ní àkókò tí mo ń kọ èyí, Ìyá Ìbejì àti onídìrí ti wà nínú Ammà, ìdá ọgbọ̀n tó kẹ́yìn Kùráánì, onídìrí ló sì ń ṣíwájú. Ọmọ iṣẹ́ ṣì ń lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ̀ lọ́jọ́rú. Olówùú kò tíì padà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ rán ènìyàn sí i kí Ràmàdáànì tó dé. Èmi àti Ìyá Àdínnì kò fara mọ́ ọn, Ìyá Ìbejì sì ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ipò Amíírà ṣófo di òní. Obìnrin tó ti ka Kùráánì parí, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì náà, là ń wá fún un.